Oríkì Tí Bàbá Ṣàíbù Gbé Mì

Ẹni tó bá mọ̀ pé àyà òun máa ń já, kó wá ẹnìkan jókòó tì kó tó gbọ́ ìtàn yìí, nítorí èmi ò ní dúró rẹ ẹnikẹ́ni lẹ́kún lójú ọ̀nà. Ìtàn Yẹ̀kínnì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Pápá Àjàó ni mo ń mú bọ̀. Ẹni tó bá gbé Mushin láyé òyìnbó, nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè, á mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Tó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á wá nǹkan fi ṣeré: òmíràn á lọ ta ayò, òmíràn á lọ wo bọ́ọ̀lù ní Yaba. Yẹ̀kínnì ní tirẹ̀ á di obì sápò, á gun kẹ̀kẹ́ Rálè rẹ̀, á máa wá arúgbó kiri. Ìbéèrè kan náà ló ń bi gbogbo wọn: "Bàbá, ẹ dákun, ǹjẹ́ ẹ mọ bàbá bàbá mi, Ṣàíbù? Níbo ló ti wá sí Mushin?"

Àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní àwọn mìíràn ń wá owó, Yẹ̀kínnì ń wá òkú. Ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ikùn, torí ìtìjú ló gbé e dé ìdí eré yẹn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ilé Yorùbá tí wọn kì í ti í ki ọmọ. Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, ìyá á pe oríkì rẹ̀, á ka ìdílé rẹ̀ sí i lórí, orí ọmọ á wú. Nílé Bàbá Ṣàíbù, èèwọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ẹnikẹ́ni. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi òfin yẹn lélẹ̀, kò sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo ilé, ó kú, wọ́n sì sin ín sínú pálọ̀. Ọjọ́ tí Yẹ̀kínnì ń gbé Lateefat níyàwó, àwọn obìnrin ilé ìyàwó tò síwájú rẹ̀, wọ́n ní kí ilé ọkọ sọ oríkì fún àwọn kí àwọn fi ki ọkọ ọmọ àwọn. Àǹtí Sìmíátù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, fò dìde.

"A ò ní oríkì! Ẹ kọ orin míì!"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan sọ lẹ́yìn pé àfàìmọ̀ kí Ṣàíbù má jẹ́ ẹrú. Ọ̀rọ̀ yẹn gún Yẹ̀kínnì bí ẹ̀gún, kò sì yọ lára rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Lateefat wá lóyún, tí oyún náà ti ń wọ oṣù ìbí, ó búra pé wọn ò ní sọ ọmọ òun lórúkọ láìní oríkì.

"Yẹ̀kínnì," Àǹtí Sìmíátù wí, "ẹni tó ń wá ìfà, òfò ló ń wá o. Fi bàbá mi sílẹ̀ níbi tó sùn sí."

"Àǹtí, odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ."

"Gbígbẹ lo rí yẹn. Ìwọ ò tíì rí omi tó ń gbé èèyàn lọ."

*

Ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, níbi tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ, ilé alámọ̀ kan wà tí àwọn aládùúgbò kì í ya omi mu níbẹ̀. Arúgbó obìnrin kan ló ń gbé ibẹ̀, Màmá Àbẹ̀bí. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ni kò ti fẹsẹ̀ kan ìta rí. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ náà á kú, á tutù, á wó bí igi tí ikán jẹ. Lẹ́yìn ilé, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, kànga kan wà tí wọ́n fi pákó bò. Kànga náà máa ń sọ̀rọ̀. Ohun tó ń sọ, ẹ má bi mí.

Theophilus ló ń bá a gbé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tó ń ṣe akọ̀wé ní Yaba, tí ojú rẹ̀ kì í sì í rẹ́rìn-ín bí ẹnu rẹ̀ bá ń rẹ́rìn-ín. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó wọlé tọ arúgbó náà wá.

"Màmá, ọkùnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ kiri Mushin, ó ń wá ìdílé bàbá bàbá rẹ̀. Wọ́n ní Ṣàíbù ni bàbá náà ń jẹ́, kò ní orúkọ mìíràn, kò sì ní oríkì. Wọ́n ní ó fi abẹ ya ilà ojú rẹ̀ bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tó ti wá."

 Arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tí ilé yẹn ti gbọ́ ẹ̀rín kẹ́yìn.

"Ṣàíbù kọ́! Àkàngbé ni! Àbúrò bàbá mi tí àyè àtijókòó ṣọ́ ilé yìí kàn, tó fẹsẹ̀ fẹ, tí wọ́n fi mú èmi ọmọdébìnrin jókòó sípò rẹ̀. Mo ní àfẹ́sọ́nà, Theophilus. Mo ti ń kó ẹrù mi." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Àkàngbé jẹ gbèsè, ó kú. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wá ń fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀nà ilé. Bu yẹ̀pẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ wá fún mi."

Lẹ́yìn ilé, ohun kan kan pákó kànga náà láti ìsàlẹ̀, kó, bí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn.

*

Nígbà tí Theophilus ti kẹ̀kẹ́ tó jò dé ṣọ́ọ̀bù Pápá Àjàó, Yẹ̀kínnì bá a lẹ táyà náà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣẹ́, Theophilus tẹ̀ ba bí ẹni tó ń di okùn bàtà, ó sì bu yẹ̀pẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ Yẹ̀kínnì ti kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, "mo gbọ́ pé ẹ ń béèrè ọ̀rọ̀ Ṣàíbù kan. Ìyá àgbà kan wà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ó ní òun mọ ọkùnrin kan tó fi abẹ ya ilà ojú ara rẹ̀. Ó ní òun mọ oríkì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Páńpù bọ́ lọ́wọ́ Yẹ̀kínnì. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà náà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fò sókè bí ọmọdé, ó sì ní òun á lọ tí ilẹ̀ bá mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, àmì bẹ̀rẹ̀. Símẹ́ńtì ojú oórì Bàbá Ṣàíbù tó wà nínú pálọ̀ là gbọọrọ, láti ibi orí dé ibi ẹsẹ̀. Oǹdè, oògùn ààbò tí Bàbá so sókè ẹnu ọ̀nà, tí èéfín ti sọ di dúdú, já bọ́ láìsí atẹ́gùn. Lateefat ló ṣà á nílẹ̀. Ó gbà pé eku ló jẹ okùn rẹ̀. Àǹtí Sìmíátù wo okùn náà. Kò sí ibi tí eyín kàn án. Ó fa ìborùn rẹ̀, ó sì jáde láìdágbére.

Ọ̀dọ̀ Alùfáà Mùktárù ló lọ, àgbàlagbà kan tó gbówọ́ nínú oògùn àti tírà. Alùfáà náà tẹ yanrìn, ó tún un tẹ̀, ó fi ọwọ́ pa á rẹ́ kíá bí ẹni tó rí ohun tí kò yẹ kó rí.

"Ẹnìkan ń pè é. Bí ó bá gbọ́ oríkì yẹn tí orí rẹ̀ wú, tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ẹ, ó parí."

"Alùfáà, ẹ gbà mí! Òun nìkan ni mo ní! Ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́ bí!"

Alùfáà mú abẹ́rẹ́ kan, ó fi òwú dúdú wé e, ó sọ ọ̀rọ̀ sí i títí abẹ́rẹ́ náà fi gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. "Rán èyí sínú fìlà rẹ̀. Bí fìlà bá ti wà lórí rẹ̀, kí wọ́n máa ki í di ọ̀la, orí rẹ̀ ò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n kó má mọ̀ o. Ọmọ yín ò ní ìdákẹ́. Ohun tó bá mọ̀, ẹnu rẹ̀ á sọ ọ́."

Àǹtí Sìmíátù rán an síbẹ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé e fún un lórí. "Fìlà yìí yẹ ọ́," ó wí. "Má ṣí i o, oòrùn ń mú." Háà! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà méjì! Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, tí wọ́n fi ẹgba kọ́ ní ìkíni, ibi orí rẹ̀ ni wọ́n lọ fi ààbò sí.

*

Kẹ̀kẹ́ Yẹ̀kínnì kì í yọ ṣéènì. Òun tó ń tún ti gbogbo Mushin ṣe, ta ni yóò jẹ́ kí tirẹ̀ bàjẹ́? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe ń kúrò ní Mushin ni ṣéènì yọ. Ó fi í padà. Ó tún yọ. Orúnkún rẹ̀ ń ro ó bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo. Ẹlòmíràn ì bá yí padà. Yẹ̀kínnì nu epo dúdú ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ewé, ó ní bí ohun rere bá ti ń sún mọ́ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni èṣù ṣe ń dí ọ̀nà.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tó dé. Theophilus ló ṣílẹ̀kùn. Inú ilé náà tutù bí ìsàlẹ̀ odò. Màmá Àbẹ̀bí jókòó sórí àpótí, ó ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ ìró rẹ̀.

Yẹ̀kínnì ṣe ohun tí ọmọlúwàbí ń ṣe. Ó ṣí fìlà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàsán, Màmá. Èmi ni ọmọ ọmọ Ṣàíbù."

Theophilus fi ẹsẹ̀ ti fìlà náà jáde sí ìta, ó ti ilẹ̀kùn. Arúgbó náà gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí Yẹ̀kínnì tí kò dé fìlà mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki:

"Àkàngbé, ọmọ ajókòó-ṣọ́lé,
Ọmọ onílé tí kì í ṣófo.
Ẹsẹ̀ àlejò ń wọlé, ẹsẹ̀ onílé ò jáde.
Ọmọ a-pe-kànga-kànga-jẹ́,
Omi tí ẹnìkan ò pọn, tí ẹnìkan ò mu.
Àkàngbé, máa bọ̀ nílé, àyè rẹ ń bẹ.
Ẹni tó ń bá ọ jókòó, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Bí ẹni tó ní etí bá gbọ́ oríkì yẹn, á fò jáde láti ojú fèrèsé. Yẹ̀kínnì ò gbọ́ ìtumọ̀ kankan. Ohun tó gbọ́ ni pé òun náà lẹ́ni, pé òun kì í ṣe ọmọ ẹrú. Orí rẹ̀ wú. Ara rẹ̀ bú. Ẹkún gbọ̀n ọ́n nílẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ sí, ẹkún ayọ̀ ni o, ó sì sọ lohùn rara:

"Èmi rè é, Màmá! Èmi rè é!"

Lábẹ́ ìró arúgbó náà, àgádágodo kan tí yẹ̀pẹ̀ ẹsẹ̀ Yẹ̀kínnì wà nínú rẹ̀ pa dé: kákà! Òtútù gun Yẹ̀kínnì láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ìbàdí.

Màmá Àbẹ̀bí dìde. Ó rìn kọjá lára rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan tọ́ ẹnu ọ̀nà wò bí ẹni tó ń tọ́ omi gbígbóná wò, ó sì jáde. Ó dúró nínú oòrùn. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

"Má bínú, ọmọ mi," ó wí. "Èmi náà, wọn ò bi mí léèrè." Ó sì bá tirẹ̀ lọ láìwọ bàtà.

*

Yẹ̀kínnì gbìyànjú ẹnu ọ̀nà, ó ṣubú. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, apá rẹ̀ tún kú. Ó gba ojú fèrèsé, ó bá ara rẹ̀ ní àárín yàrá. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn tó ń kọjá ń yára ẹsẹ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà níta, ó fara ti ògiri, ó ń wò ó.

Theophilus gbé oúnjẹ wá, ó sì gbé e kalẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ jẹun, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ò sin Màmá, ilé ni mò ń sìn. Ẹ̀yin ló kàn báyìí."

"Kí ló wà nínú kànga yẹn?"

"Ẹ á máa gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ohun náà á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á máa bi í léèrè ẹbí rẹ̀. Ó ń béèrè bí Yẹ̀kínnì náà ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn arúgbó: ta lo bí, ta ló bí ọ, níbo ni wọ́n wà? Yẹ̀kínnì á di etí.

Nígbà tí Àǹtí Sìmíátù wá a kàn, fìlà tó bá nínú eruku ló ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbé ìgò omi wàláà Alùfáà Mùktárù dání. Ó da omi náà sí ẹnu ọ̀nà, omi náà hó, ó gbẹ. Ó so tírà mọ́ férémù fèrèsé; awọ tírà náà là, yanrìn lásán ló dà jáde. Yẹ̀kínnì rí ìrètí rẹ̀ tó dà sílẹ̀. Àǹtí káwọ́ lérí, ó ń sunkún.

"Má wọlé o, Àǹtí!" Yẹ̀kínnì kígbe. "Bí mo ṣe rí yín ni oríkì yẹn ń gun ọ̀nà ọ̀fun mi. Bí ẹ bá wọlé, mi ò ní lè dá a dúró. Ẹ̀yin ni yóò jókòó."

"Kí n wọlé. Mo ti dàgbà. Kí n jókòó, kó o lọ bá ìyàwó rẹ."

"Tí ẹ bá kú ńkọ́? Ta ni yóò kàn?"

Àǹtí fi ìborùn nu ojú. Ó ju ọdún mélòó kan lọ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà ní ikùn rẹ̀.

"Bàbá mi sọ nǹkan kan fún mi nígbà tó ń kú lọ," ó wí níkẹyìn. "Ó ní ilé yẹn kì í dá ọmọ mọ̀, ẹnu bàbá ló fi ń mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá kọ̀ lójú ìyá rẹ̀, níwájú ẹlẹ́rìí, kò sí nínú ìdílé mọ́. Ilé yẹn ò lẹ́tọ̀ọ́ lórí rẹ̀ láéláé. Ó ní òun fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ. Ó gbé e sọ́wọ́, ó wo ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò jáde. Ló bá gbé oríkì mì dípò rẹ̀, ó sọ pé bóyá ìdákẹ́ á tó."

"Ìdákẹ́ ò tó," ni Yẹ̀kínnì wí.

*

Theophilus ò wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Agbádá ló wọ̀, ó sì mú ọ̀nà Pápá Àjàó pọ̀n. Ó bá Lateefat nínú ilé, ó ti bímọ, ọmọ ṣì pupa. "Ìyàwó wa, ẹ kú ewu! Ọkọ yín ò sá lọ o. Ara rẹ̀ ni kò yá, ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀ tó wá rí ló wà. Ó ní kẹ́ ẹ gbé ọmọ wá, òun ti rí oríkì tí òun fẹ́ fi ki í."

Àbí ta ni kò ní lọ? Lateefat bú sẹ́kún ayọ̀. Ó pọn ọmọ, ó dì í mọ́ra dáadáa nínú aṣọ, kò gbọ́ tí Àǹtí Sìmíátù ń sáré tẹ̀lé wọn, tó ń pe orúkọ rẹ̀.

Yẹ̀kínnì gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ kó tó rí i. Nínú yàrá ẹ̀yìn, pákó kànga bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Lateefat yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó rẹ̀ ẹ́, ó rù, ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀. Ó ti tú ọmọ kúrò lẹ́yìn, ó gbé e síwájú.

"Bàbá ọmọ mi! Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run fún wa! Ẹ wo etí, tiyín pọ́nńbélé!"

Oríkì náà dìde. Ó kún ọ̀fun Yẹ̀kínnì, ó dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin: Àkàngbé, ọmọ ajókòó-ṣọ́lé. Ó gé ahọ́n rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Bí ọmọ bá ké lẹ́yìn oríkì yẹn, ó ti jẹ́ ẹ nìyẹn. Bí ó bá ní kó má wọlé, á béèrè ìdí. Bí ó bá sọ ìdí fún un, á lọ, ṣùgbọ́n á máa rántí, á sì sọ fún ọmọ náà lọ́jọ́ kan pé bàbá rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ọmọ yẹn á dàgbà. Á máa béèrè kiri. Ta ló mọ̀ ju Yẹ̀kínnì lọ bí ebi yẹn ṣe ń pa èèyàn?

Lateefat gbé ẹsẹ̀ láti wọlé.

"Dúró níbẹ̀!" Ẹ̀jẹ̀ tò sí àgbọ̀n rẹ̀. "Gbé ọmọ rẹ lọ. Kì í ṣe ọmọ mi."

Ẹ̀rín ṣì wà lójú Lateefat, kò tíì mọ̀ pé ó yẹ kó kúrò. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní mi ò mọ ẹni tó ni oyún yẹn. Theophilus, ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi. Èmi Yẹ̀kínnì, mi ò bí ọmọ yìí. Kó wá bàbá rẹ̀ lọ síbòmíràn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì!" Theophilus kígbe, ìgbà àkọ́kọ́ rè é tí ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́, ẹyin ti fọ́. Nínú yàrá ẹ̀yìn, pákó kànga dákẹ́ lójijì.

Láti ọjọ́ tí Lateefat ti wọlé ọkọ, kò fojú kan ọkọ rẹ̀ kó pè é ní ìwọ rí. "Yẹ̀kínnì!" ó kígbe. "Èmi lo ṣe báyìí fún? Èmi tí o bá nílé bàbá mi láìmọ ọkùnrin? Ọlọ́run á bi ọ́! Ọmọ yìí ò ní mọ orúkọ rẹ. Tó bá béèrè, màá ní bàbá rẹ̀ ti kú, kò sì ní ìdílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni kó o wí fún un," Yẹ̀kínnì dáhùn.

Àǹtí Sìmíátù dé lẹ́yìn rẹ̀, èémí ò tó o. Ó wo Yẹ̀kínnì, Yẹ̀kínnì wò ó.

"Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín sọ?" Lateefat fi ẹkún béèrè.

"Mo gbọ́," ni obìnrin náà wí, ó sì di ọmọ náà padà sí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. "Gba Ẹ̀pẹ́ lọ bá àwọn èèyàn rẹ. Orúkọ bàbá tìrẹ ni kó o fún un. Má padà wá sí Mushin mọ́."

Wọ́n lọ. Ọmọ náà ń ké, ẹkún rẹ̀ ń jìnnà sí i, ó kọjá ibi àwọn ṣọ́ọ̀bù, ó kọjá ibi mọ́ṣáláṣí, títí ariwo bọlẹ̀kájà fi bò ó mọ́lẹ̀. Theophilus jókòó sílẹ̀, ó káwọ́ mọ́rí. Yẹ̀kínnì wà ní ẹnu ọ̀nà níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé mọ, ó ń tẹ́tí sí ọ̀nà. Ìgbà náà ló rántí pé òun ò tilẹ̀ béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.